Ọkọ̀ Tí Kì Í Kérora

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú. Bí ènìyàn bá gbọ́ ọ, yóò ní ṣé èyí náà ló ń lé oorun lójú ẹ. Irú tóbàà wo, ìyẹn irin ìdí ọkọ̀ tí wọ́n ń so tírélà mọ́, ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n mi gbé sí ìdí ọkọ̀ oníná tó rà?

Ẹ̀gbọ́n mi ń fi kánópì, àga àti jẹnẹrétọ̀ háyà fún àwọn olóde nígboro Ìbàdàn. Tírélà onítáyà méjì kan ló fi ń kó wọn. Kì í ṣe tírélà àwọn tó ń kó sìmẹ́ńtì o, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí pickup ni mo ń wí. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lọ́dún 2023 ló ti ń sọ pé òun máa kúrò lọ́wọ́ àwọn elépo, a sì rò pé ẹnu lásán ni, àfìgbà tí Ford F-150 Lightning tòkúnbọ̀ balẹ̀ sí ọgbà rẹ̀. Bátìrì tó kéré nínú méjèèjì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà ló wà nínú tirẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ọ̀hún ti gbá nǹkan rí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti tún ara rẹ̀ ṣe, ó ń dán, ṣùgbọ́n wọ́n ti tú tóbàà ara rẹ̀ lọ kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Gbogbo ẹni tí a bá sọ ọ́ fún ló ń dá wa lóhùn kan náà: ṣebí irin ni, ẹ lọ jó òmíràn mọ́ ọn. Kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn jà. Ta ni kò tíì rí ẹ̀rọ tó ń po kankéré tí dánfó ń wọ́ lọ sí Apẹ̀tẹ̀, tó jẹ́ pé irin bẹ̀ǹbẹ̀ kan àti ọ̀pá kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀? Ìlú yìí kì í bẹ̀rù ohun àjèjì. Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjèjì, ká má tíì wá sọ ti mọ́tò. Ohun tó bá ti lè wọ́ lọ, a ó wá nǹkan so mọ́ ọn.

Lọ́dọ̀ Bàbá Wẹ́dà ní Gate

Ẹni tí a gbé ọkọ̀ lọ bá ní Agodi Gate kì í ṣe ọmọ àná nídìí iṣẹ́ ajórin. Ó ti jó ṣásì, ó ti jó bọ́ńpà, ó ti ṣe tóbàà fún àwọn Hilux àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè ka iye wọn mọ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gé irin sílẹ̀ kí a tó débẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ti pè é lórí fóònù lálẹ́ àná. Wọ́n ti fi ẹfun sàmì sí i. Ọ̀kan nínú wọn ti ń fa wáyà ẹ̀rọ bọ̀.

Bàbá kò tíì fọwọ́ kan irin. Ó ní, "Alájì, ẹ tẹná sí i ná, ẹ jẹ́ n gbóhùn ẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ó ti wà lórí iná."

Bàbá dúró, ó dẹ etí. Àwọn tó ń gbá páńẹ́ẹ̀lì nítòsí ń dún gbàù-gbàù, kò sì gbọ́ nǹkan kan láti ara ọkọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ ń gbóná. Kò sí nǹkan tó ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un, ibẹ̀ ṣófo bí ilé àpótí: kò sí ẹ́ńjìnnì, àyè ìkẹ́rù ni wọ́n ṣe síbẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ibi tí ẹ́ńjìnnì ń gbé ni wọ́n wá ń kó gàrí sí!" Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó jókòó sórí táyà kan, ó wá ṣàlàyé pé òun kì í fi ojú lásán gé irin. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá, òun á ní kí wọ́n gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn pẹ̀lú ẹrù díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe kérora lòun fi ń mọ bí irin ṣe máa nípọn tó, àti iye tóun máa sọ fún olówó rẹ̀ pé kó má kọjá. "Ọkọ̀ tó bá ń kérora, awakọ̀ ẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá yìí, kì í kérora. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹrù ti pọ̀ jù?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú wa.

Ó wá wọ abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó jáde, ó ní kí wọ́n ká wáyà ẹ̀rọ. Ohun tó rí lábẹ́ ibẹ̀ ni àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kan tó gba gbogbo àárín ṣásì láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn, pẹ̀lú wáyà gbàǹgbà aláwọ̀ ọsàn tó ń lọ síbi mọ́tò. "Owó ni mo ń wá o, Alájì, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n iná wẹ́dà ò ní wọ abẹ́ ọkọ̀ yìí látọwọ́ tèmi. Ẹ lọ wá èyí tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì dè."

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwọ̀ ọsàn yẹn ni àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ń sàmì sí wáyà tí iná ńlá ń gbà kọjá, àwo fẹ̀ǹfẹ̀ yẹn sì ni bátìrì, tí agbára iná inú rẹ̀ tó bíi 400 fóltì. Bí ènìyàn bá gbé kíláńbù ẹ̀rọ ajórin mọ́ ṣásì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, iná ọ̀hún kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Ó lè gba ara kọ̀ǹpútà, ó lè gba ara bẹ́ríìnì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, irin ṣásì òde òní ti gba ooru tirẹ̀ nílé iṣẹ́ kó lè le. Ooru tí wẹ́dà bá tún fún un lè sọ ojú ibẹ̀ di ẹlẹgẹ́. Ara ọkọ̀ náà lókè kì í tiẹ̀ ṣe irin, álúmíníọ́ọ̀mù ni. Bàbá kò ka ìwé kankan kó tó mọ ibi tó yẹ kó dúró.

Etí wa àti ìwọ̀n ẹrù

Ìbéèrè Bàbá ni mo gbé délé. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé gbogbo ìmọ̀ tí a ní nípa ẹrù ní ìlú yìí, etí ni ó wà. Awakọ̀ tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá pẹ̀lú ẹrù kì í ka nọ́ńbà kankan. Ó ń gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fà, ó ń gbóòórùn kúlọ́ọ̀ṣì, ó ń wo abẹ́rẹ́ ooru. Bí kò bá fẹ́ lọ mọ́, ọkọ̀ náà á kọ̀, á dá kúlẹ̀, ọmọ ọkọ̀ á bẹ́ sílẹ̀ á fi òkúta dí táyà. Kíkọ̀ tí ọkọ̀ kọ̀ yẹn, òun ni òṣùwọ̀n wa.

Ọkọ̀ oníná kò ní irú kíkọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí táyà bá ti fẹ́ yí ni gbogbo agbára rẹ̀ ti dé. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi rà yìí, 775 pọ́ùn-fúùtù ni agbára ìyípo tí Ford kọ sí i, ẹ́ńjìnnì díésù pickup tí a ń lò níbí kò sì sún mọ́ ọn. Ó lè fa ohun tí kò yẹ kó fà, kó sì gun òkè bí ẹni tí kò gbé nǹkan kan. Tóbàà tó ń tẹ̀, bọ́ọ̀lù irin orí rẹ̀ tí ẹnu tírélà ń gbé mì tó ń yọ, bíréèkì tí kò ní í mú nígbà ìsọ̀kalẹ̀, kò sí èyí tí ọkọ̀ náà máa fi tó ọ létí. Ó dà bí ìgbà tí a kúrò lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré bọ́ sórí ínfátà: jẹnẹrétọ̀ á máa kùn bí o bá tan áyọ́ọ̀nù lé e, àmọ́ ínfátà kì í kùn, ó kàn máa ń kú lójijì ni. Ọjọ́ tí a ra ínfátà ni ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka wáàtì ẹ̀yìn fíríìjì.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kì í ṣe irin là ń wá. Ohun tó máa sọ òkodoro iye ẹrù fún wa, nígbà tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò ní í sọ ọ́, ni à ń wá.

Ìwọ̀n eku, ìwọ̀n ìtẹ́

Àwọn tó ń ta tóbàà tòkúnbọ̀ fẹ́ràn nọ́ńbà ńlá. Ọ̀kan na èyí tó wúwo gọbọi sí wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí ń fa ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá!" Kò purọ́. Ní Amẹ́ríkà, kíláàsì ni wọ́n fi ń pín tóbàà. Kíláàsì 1 kò gbọdọ̀ fa ju 2,000 pọ́ùn lọ, Kíláàsì 2 ń fa 3,500, Kíláàsì 3 tó 8,000, Kíláàsì 4 tó 10,000. Ihò onígun mẹ́rin tí apá bọ́ọ̀lù ń wọ̀ jẹ́ íńṣì kan àti ìdá mẹ́rin fún méjì àkọ́kọ́, íńṣì méjì gbáko sì ni fún méjì tó tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. 10,000 pọ́ùn tí wọ́n ń pariwo fún Lightning, bátìrì ńlá pẹ̀lú àkànṣe ẹ̀rọ fún fífa ẹrù ló ni ín. Bátìrì kékeré tí kò ní àkànṣe yẹn, 5,000 pọ́ùn ni, ìyẹn bíi 2,270 kílò. Bí a bá so Kíláàsì 4 mọ́ ìdí rẹ̀, 5,000 náà ló ṣì jẹ́. Bákan náà ni bọ́ọ̀lù ní iye tirẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sí i lórí, apá tó gbé bọ́ọ̀lù ní tirẹ̀, ẹnu tírélà ní tirẹ̀, ṣéènì náà ní tirẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú gbogbo wọn ni ìwọ̀n yín. Tírélà ẹ̀gbọ́n mi kò gbà ju 1,500 kílò lọ pẹ̀lú ẹrù inú rẹ̀, ó wà lára àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn. Òun ló kéré jù, òun ló sì pàṣẹ. Kíláàsì 3 tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè ni mo fọwọ́ sí. Ẹ rí i dájú pé Lightning gan-an ni wọ́n ṣe é fún o, kì í ṣe F-150 elépo: ti elépo ń lo ásùlù gbọọrọ (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀) pẹ̀lú sípíríǹgì pẹlẹbẹ lẹ́yìn, ti oníná ní mọ́tò láàárín táyà ẹ̀yìn, táyà kọ̀ọ̀kan sì ń dá fò. Abẹ́ wọn kò jọra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni ti bọ́ọ̀lù. Tírélà ọ̀hún, Jámánì ló ti wá. Ọkọ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Yúróòpù jẹ́ mìlímítà 50. Ti Amẹ́ríkà tó sún mọ́ ọn jù jẹ́ íńṣì méjì, ìyẹn mìlímítà 50.8. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀ wọn. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sẹ́nu tírélà, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti wọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo apá tó ń tì í: kò sọ̀kalẹ̀ dé ìdí, àyè bí ìbú ìka ṣì kù. Bọ́ọ̀lù kò wọlé tán, orí rẹ̀ ni ẹnu tírélà kàn jókòó lé. Kòtò kan ṣoṣo lójú ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ ti tó láti tú wọn ká. Bí ó bá sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀, bọ́ọ̀lù 50 nínú ẹnu oníńṣì méjì, ó máa tì dáadáa, á wá máa mì nínú ibẹ̀ títí á fi jẹ ara rẹ̀. Bọ́ọ̀lù 50 tí ìdí rẹ̀ bá apá Amẹ́ríkà mu ló yẹ, àwọn ará Ọsirélíà ń lò ó. Ó gbà wá lákòókò ká tó rí i rà.

Gíga náà kò dọ́gba. Tírélà Yúróòpù ń fẹ́ kí bọ́ọ̀lù wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 sí 42 láti ilẹ̀, ihò ìdí pickup Amẹ́ríkà sì ga ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí ẹ bá gbé e so bẹ́ẹ̀, imú tírélà á wo òkè, ẹrù á sá sẹ́yìn, ìdí tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí eré bá ti le. Apá tó tẹ̀ wálẹ̀ ló ń wo èyí sàn. Ẹ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wọn gíga ihò, kí ẹ wọn gíga ẹnu tírélà, ìyàtọ̀ méjèèjì ni ìwọ̀n títẹ̀ apá tí ẹ máa rà.

Ẹrù tó ń tẹ bọ́ọ̀lù

Bí mo bá ní kí ẹnikẹ́ni mú nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo àlàyé yìí, èyí ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà sọ pé nínú gbogbo ìwúwo tírélà, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó máa tẹ bọ́ọ̀lù. Àwọn ará Yúróòpù ń lò tó kéré sí ìyẹn, wọ́n sì ń kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá sára ẹnu tírélà, nítorí náà ẹ ka ti ara tírélà yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ lé ti Amẹ́ríkà. Bí ó bá kéré jù, tírélà á máa ju ìdí. Bí ó bá pọ̀ jù, ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀, táyà iwájú tó ń darí á fúyẹ́. Kílò tó bá sì tẹ bọ́ọ̀lù, inú iye tí ọkọ̀ lè gbé sẹ́yìn ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ẹ ò lè di jẹnẹrétọ̀ kún ẹ̀yìn pickup kẹ́ ẹ tún gbàgbé ìyẹn.

Báwo la ṣe wọ̀n ọ́n? Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ra kòkó lọ́nà Omi-Àdìó, ó ní òṣùwọ̀n onípẹpẹ tó fi ń wọn àpò. A kó gbogbo ẹrù òde kan sínú tírélà bí wọ́n ṣe máa ń kó o, a gbé e dé ibẹ̀, a fi jáàkì gbé imú rẹ̀ lé gẹdú kan lórí òṣùwọ̀n, ní gíga tó máa wà bí a bá so ó mọ́ ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra. Àṣé àwọn ọmọ máa ń kọ́kọ́ ti irin kánópì wọlé, wọn á wá ju àwọn àpótí wúwo sẹ́yìn torí pé ẹ̀yìn ni ilẹ̀kùn wà! Bí wọ́n ṣe ń kó o láti ọdún yìí wá nìyẹn, Hilux àtijọ́ sì ń fà á lọ. Wọ́n yí i padà níṣojú wa: àwọn àpótí bọ́ síwájú ásùlù díẹ̀, àga dé ẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ gòkè. Olówò kòkó náà ní kí a san owó òṣùwọ̀n, ó ń ṣàwàdà, ẹ̀gbọ́n mi sì fún un ní owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni ìdáhùn fún Bàbá Wẹ́dà wà. Ohun tí etí ń ṣe tẹ́lẹ̀, òṣùwọ̀n kòkó lè ṣe é, bí ènìyàn bá lè fara balẹ̀ gbé tírélà dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì fi kun àmì sí ibi tí àpótí kọ̀ọ̀kan ń jókòó.

Dídúró, àti ibi tí iná máa ń tán sí

Ti wáyà kò gba àlàyé púpọ̀: ihò iná tírélà Yúróòpù àti ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò bára mu, ẹ ra àdápítọ̀, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí rẹwáyà gé wáyà iná ẹ̀yìn ọkọ̀ oníná. Ṣéènì méjì, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan gba orí èkejì kọjá lábẹ́ ẹnu tírélà, kí ó lè gba imú rẹ̀ dúró bí bọ́ọ̀lù bá yọ.

Bíréèkì ni kẹ́ ẹ dúró tì. Ní Yúróòpù, tírélà tó bá ti lé ní 750 kílò gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Ti tírélà yìí, ìtì ló ń mú un ṣiṣẹ́: bí ọkọ̀ bá ti rọra, tírélà á ti ara rẹ̀ síwájú, ìtì yẹn á fa bíréèkì. Nínú ọkọ̀ oníná, bí awakọ̀ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ni mọ́tò ti ń fà sẹ́yìn, tó ń dá iná padà sínú bátìrì. Ó dára lórí ìsọ̀kalẹ̀ Mọ́kọ́lá, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ni tírélà náà ń tẹ bíréèkì tirẹ̀. Ẹ máa fọwọ́ kan ríìmù rẹ̀ bẹ́ ẹ bá dúró. Bó bá gbóná ju bó ṣe yẹ, ẹ dín fífà sẹ́yìn yẹn kù nínú ètò ọkọ̀.

Ní ti ọ̀nà jíjìn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì fẹnu kò. Nígbà tí Lightning jáde lọ́dún 2022, máìlì 230 ni wọ́n kọ fún bátìrì kékeré láìfa nǹkan kan, bíi kìlómítà 370. Àwọn tó fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fa tírélà gíga ní Amẹ́ríkà rí i pé nǹkan bí ìdajì ló máa ń kù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní 185. Láti Ìbàdàn sí Èkó lórí ọ̀nà márosẹ̀ tó 127. Ó máa dé, kò sì ní í padà, àyàfi bó bá rí ibi tó ti máa gba iná. Bátìrì ọ̀hún ń gba yúníìtì 98. Lórí wáyà ilé tó ń gbé ámpíà 32, ó lé ní wákàtí 13, bí iná kò bá lọ rárá.

Tírélà tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí irin kánópì sùn sínú rẹ̀, kò ní í jẹ iná tó bẹ́ẹ̀, torí pé lórí ọ̀nà márosẹ̀ afẹ́fẹ́ tí nǹkan gíga ń gbá ló ń jẹ bátìrì ju kílò lọ. Mo ti fọwọ́ sí Ọ̀yọ́, mo ti fọwọ́ sí Ìwó. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni cooling van onítáyà tó fẹ́ rà, tó ga ju ọkọ̀ lọ, tí iwájú rẹ̀ rí bí ògiri. Mo ní kó háyà ọkọ̀ díésù fún ìyẹn, kó fi èrè rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní èmi ò mọ òwò. Ó ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìkòròdú fún oṣù Kejìlá.